Ọwọ́ Alágbàfọ̀

"Yéè! Èjìká mi o!"

Ike já bọ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Ó ti tọwọ́ bọ omi náà kó tó bù ú sí ìyá rẹ̀ lára, ó sì dá a lójú pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Òkìtì aṣọ ń dúró dè é níbi iṣẹ́.

Ó fi táwẹ̀lì bo ìyá rẹ̀, ó gbé bàkẹ́ẹ̀tì omi náà jáde lọ fi han àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà tó wá kí wọn láti àná. Ìyẹn ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ fi omi yìí tu ìyẹ́ ẹ̀ ni?"

"Kò gbóná." Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́.

"Ogún ọdún nínú omi gbígbóná! Ọwọ́ yín ti yi, kò mọ ohun tó ń jóni mọ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n: ike kan omi híhó, ike mẹ́rin omi tútù. Èyí tó gbóná á fún èyí tó tutù nínú ooru rẹ̀ títí wọn á fi dọ́gba." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí kí n kúkú mú Màámi lọ sọ́dọ̀ mi?"

Alágbàfọ̀ fa bàkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra. Bí ìyá rẹ̀ bá lọ, òun nìkan ni yóò kù nínú ilé yìí.

"Èmi kì í ṣe ẹrù o, ẹ má gbé mi kiri," ni ìyá wí láti inú balùwẹ̀.

Alágbàfọ̀ wọlé lọ bá a. "Màámi, ṣé òní nìkan ló gbóná?"

"Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, tí o ti ń wẹ̀ mí ni."

"Oṣù méjì! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ò ń tòògbé lórí ìdúró, ọmọ mi. Ṣé kí n tún wá rán ọ lọ pọn omi tútù ni? Bí ìwọ náà bá ṣubú, ta ni yóò gbé wa?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ojú tì í, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é. Ó wọn omi mìíràn, kan sí mẹ́rin, ó wá fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ó máa sọ fún mi."

Ìyá wò ó lójú díẹ̀. "Ó tún ku omi tútù."

Alágbàfọ̀ dìde lọ pọn ọ́n.

"Wàá pẹ́ níbi iṣẹ́ o," ni ìyá wí.

"Ẹ jẹ́ n pẹ́, Màámi."