Ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́ Nínú Omi

"Màámi, kò ṣe é mu. Ó ń ta mí lọ́fun."

Ayọ̀mípọ̀sí na ife náà padà sí ìyá rẹ̀, Ọmọ́níkẹ́. Òórùn kílórínì gba yàrá kan, oògùn apakòkòrò tí ìyá náà máa ń dà sínú kànga ilé wọn ní Mushin.

"Mu ún bẹ́ẹ̀! Èyí tí kì í ta ọ̀fun ló ń pààyàn."

Kọ́lápọ̀, àbúrò Ọmọ́níkẹ́ tó wá kí wọn, wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rù. Lọ́dún 1991 tí àrùn onígbáméjì jà, Ọmọ́níkẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi kànga náà fún Ṣìmí, àkọ́bí rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. Láti ìgbà náà, bí korobá bá ti kan omi, Ọmọ́níkẹ́ máa ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nísàlẹ̀: "Màámi, omi." Á sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ oògùn mìíràn dà sí i.

Kọ́lápọ̀ dìde lọ yọjú wo kànga. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ní iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan ní Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́. Omi kànga náà pọ́n bíi tíì. Ewé igi furúùtù ń jẹrà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí kílórínì bá pàdé ewé jíjẹrà, wọ́n á jọ di nǹkan mìíràn nínú omi. Ojú ò lè rí i. Béèyàn bá mu ún lọ́pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù pé ó lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀."

Ọmọ́níkẹ́ kọjú sí i. "Kí n má da oògùn sí i mọ́? Kí n tún sin èkejì?"

"Rárá o! Onígbáméjì kì í fún èèyàn láyè ọdún kan. Ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí kúrò, ká fi álọ́ọ̀mù sí i kó tòrò. Nígbà náà, díẹ̀ á tó."

Ọmọ́níkẹ́ sunkún títí, kó tó gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbọ́n kànga náà gbẹ, wọ́n kó ewé tó ti di ẹrẹ̀ dúdú jáde, wọ́n sì fi páànù ṣe ìdérí rẹ̀. Nígbà tí omi tuntun sun, tí álọ́ọ̀mù sì mú un tòrò, Kọ́lápọ̀ wọn oògùn díẹ̀ sí i. Lọ́gán, ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́ ti wà nínú ike oògùn, ó ti bu ẹ̀kúnwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó."

Ó dúró. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, oògùn náà sì dà padà sínú ike. Ó dé e, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Máa gbé e lọ sílé ẹ. Ìwọ ni kó o máa wá wọ̀n ọ́n. Bó bá wà lọ́dọ̀ mi, màá tún dà á."

Nígbà tí Kọ́lápọ̀ lọ tán, Ọmọ́níkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe mọ́.