Ìdí Kókò Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù

"Wọ́n ní Alhaji ti sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo wí o. Wọ́n ní ti Morónkẹ́ ni… nínú gíláàsì yẹn… Pé Hamdalah, ọdún mẹ́rin tó ti… Ṣá, ẹnu mi kọ́ lo ti gbọ́ ọ."

Bí Fisáyọ̀ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nìyẹn, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, ó sì yíjú sí oníbàárà tó fẹ́ ra káàdì ìpè. Abẹ́ agboòrùn ni Fisáyọ̀ ti ń ta káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Alhaji Múrítàlá ní Ìgàndò. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù náà, tàbí tó lè jáde níbẹ̀, kó má kọ́kọ́ san owó oníbodè lábẹ́ agboòrùn yẹn.

"Ta ló sọ fún yín, Àǹtí Fisáyọ̀?" Hamdalah béèrè. Ó ń tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

"Richard oníférémù ni Alhaji ń sọ ọ́ fún. Abẹ́ agboòrùn níbí ni mo ti gbọ́ ọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ délẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ náà, kò ti tó gbọ́ ni?"

Hamdalah ní ó tó gbọ́. Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n fi ń gbé ọmọdé ga tí wọ́n bá fẹ́ ya á ní pásípọ́ọ̀tù, ó sì tẹjú mọ́ aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Kò sí nǹkan kan lára aṣọ náà. Síbẹ̀ ó wò ó pẹ́.

Gíláàsì tí wọ́n ń sọ yìí, ẹni tó bá rí i kọjá lè rò pé àpótí lásán ni. Àpótí náà ni, lóòótọ́. Alhaji kàn án mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi gíláàsì bò ó lójú, títì ló sì kọjú sí, kò sí ẹni tó ń ti Ìgàndò lọ sí Ìkòtún tí kò ní rí i. Àwòrán ìyàwó tuntun wà níbẹ̀, àti ti ọmọ àrẹ̀mọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí àkàrà, àti ti Alhaja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Alhaji fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn ti lá àwọ̀ wọn, ojú ìyàwó ti di ti ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí Iléyá kọjá, Alhaji pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Hamdalah àti Morónkẹ́, ó ní òun máa kó wọn kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọṣẹ́ kan ni yóò wọ ibẹ̀ báyìí, wọn yóò sì kọ orúkọ ọmọ náà sí ìsàlẹ̀ gàdàgbà.

Ọmọṣẹ́ tó ti pẹ́ jù ni Hamdalah. Ìyá rẹ̀ a máa gba iwájú ibẹ̀ lọ sí ọjà Ìkòtún, a sì máa yà wo gíláàsì náà. "Ṣé ìyàwó yìí kò tíì bímọ ni?" ni ó máa ń wí. "Tìẹ dà, Hamdalah? Ọjọ́ wo ni n ó nawọ́ sí i fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọmọ mi ló ya èyí?" Hamdalah a rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ni ó máa ń dáhùn sí: kò ní pẹ́, Ìyá mi.

Ìyẹn ni kí Morónkẹ́ tó dé.

Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú ni Morónkẹ́ nígbà tó dé. Gbogbo ẹni tó bá yà ní oṣù àkọ́kọ́ ló dà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Hamdalah ló kọ́ ọ. "Fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà. Fi ẹsẹ̀ kan síwájú. Tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, dá èémí dúró, kó o wo nǹkan náà bí ẹni tó fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀, tó sì ń retí kó dáhùn." Ó kọ́ ọ ní gbogbo bọ́tìnnì ara kámẹ́rà kékeré tí àwọn ọmọṣẹ́ ń lò, àfi ẹyọ kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára.

"Ìyẹn ńkọ́, Àǹtí?"

"Má fọwọ́ kan ìyẹn. Ti àwọn tó ń ya òdòdó ni. Ta ló ń ya òdòdó ní Ìgàndò?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ rí níbi ìsọmọlórúkọ kan, ojú bàbá ọmọ, ojú ìyá ọmọ, ojú Ààfáà, gbogbo rẹ̀ ló di bàìbàì, Alhaji sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ọjọ́ náà, èèwọ̀ ni bọ́tìnnì òdòdó.

Morónkẹ́ ló lọ tẹ èèwọ̀. Ìdí kókò kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ń gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Morónkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì òdòdó, ó sì sún mọ́ ewé kókò títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹnu Alhaji kò lè padé. Ìrì kan ṣoṣo ni. Ó dúró lórí ewé bí ẹyin tí adìẹ kò tíì yé tán. Nínú ìrì náà ni gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wà: ògiri, páànù, okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, àti ojú ọ̀run, gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n sì mọ́ ju bí wọ́n ṣe mọ́ lójú ayé lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, ojú lámilámi tó dà bí ajere. Lọ́la, ìwo ìgbín. Ìyá kan tó wá láti Gowon Estate wá ya pásípọ́ọ̀tù rí okùn aláǹtakùn tí ìrì sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ní, "Òkè òkun wo lẹ ti ya èyí?" Morónkẹ́ ní, "Ẹ̀yìn ibí ni, mà." Ìyá náà fi bàtà gogoro rẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn, ó fi ẹrẹ̀ bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé òun kò rí nǹkan kan. Alhaji bá a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Hamdalah náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu nìkan ló fi rín in.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Hamdalah ti máa ń rò pé ti àwọn orogún ni wọ́n ń sọ. Kò mọ̀ pé èèyàn lè jowú ìrì. Tí Alhaji bá ti ní "Morónkẹ́, wá fi tòní hàn mí," nǹkan kan a ta á láyà bí ẹ̀gún ẹja tí kò lọ tí kò bọ̀. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú kámẹ́rà dání. Ó dúró gangan, ó fi ọwọ́ kan ká hìjáàbù rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má baà kàn án, ó fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì òdòdó. Ewé ló rí. Ó tún un yà, ewé náà ló tún rí, ewé tútù kan báyìí tí kò ní ohun kan sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun ló kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa bi nǹkan ní ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kókò ń dá ọmọ yẹn lóhùn, tí kò dá òun lóhùn?

Inú gbogbo èyí ló wà tí Fisáyọ̀ fi wá sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún un. Ìdajì tó kù, Hamdalah fúnra rẹ̀ ló parí rẹ̀ lórí ẹní ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rin tó ti lò, òfo ni. Ọdún mẹ́rin tó ti lò, kò mọ nǹkan kan. Bó ṣe ń yí i padà ni ó ń korò sí i.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni sanitéṣọ̀n, Sátidé ìparí oṣù tí onílé kì í jáde títí di aago mẹ́wàá, tí kálukú ń gbálẹ̀ àyíká rẹ̀ kí wolé-wolé má baà mú un. Ilé Hamdalah kò jìnnà. Ó mú àdá ìyá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àwọn ilé kọjá, ó dúró síwájú ìdí kókò. Ìrì ṣì wà lórí ewé wọn. Bó ṣe gé èyí àkọ́kọ́ ni ìrì náà yí gbirigbiri lórí ewé, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò sì sí mọ́. Ó gé gbogbo wọn. Ó fi àdá ya okùn aláǹtakùn. Omi kókò ta sí i lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Fisáyọ̀, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà, yọjú láti ojú fèrèsé. "Hamdalah, o kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọn ibẹ̀ yẹn ti fẹ́ fi wá ṣe oúnjẹ. Ọlọ́run á fi ọkọ rere san án fún ọ."

"Àmín, mà," ni Hamdalah wí.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Lọ́jọ́ Ajé, òun ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Morónkẹ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó mú kámẹ́rà kékeré, ó gba ẹ̀yìn lọ bí ìṣe rẹ̀. Hamdalah ń retí igbe. Ó fi aṣọ nu tábìlì tí kò dọ̀tí, ó tún un nù. Igbe kò dún. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ wò ó.

Morónkẹ́ wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, ó sún mọ́ kùkùté kókò kan tímọ́tímọ́. Kò yíjú padà. "Àǹtí, ẹ rọra wá. Ẹ wá wò ó kó tó lọ."

Hamdalah kúnlẹ̀. Kò ká hìjáàbù rẹ̀ sókè lọ́tẹ̀ yìí, kò rántí. Nínú kámẹ́rà, ojú ibi tí àdá gé dà bí afárá oyin. Ihò kéékèèké ló kún un, omi kan sì mu dé ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń tàn. Eèrà kan dúró létí ọ̀kan nínú wọn, ó tẹrí ba, ó ń mu omi bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Omi náà gbé àwòrán orí eèrà náà, wọ́n jọ ń wo ara wọn.

Ó dára. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dára ju ìrì lọ. Ẹ̀gún ẹja yẹn sì tún gún Hamdalah láyà, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí òun fi àdá pa náà rèé, ọmọ yìí tún ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti dá a lóhùn.

"Ta ló gé e ná?" ni Morónkẹ́ béèrè.

"Àwọn ará ilé ni. Nítorí sanitéṣọ̀n."

"Kò burú. Kókò kì í kú bọ̀rọ̀, á tún yọ." Ó dìde, ó ń fi ewé nu eékún. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Hamdalah, tó ti wú, tó sì pọ́n níbi tó ti họ ọ́. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ewé. "Epo pupa ni wọ́n ń fi pa á, Àǹtí. Ìyá mi náà, tó bá bó kókò, epo pupa ló máa ń fi pa á."

Ó gbé kámẹ́rà dání. Ó wọlé.

Kò pẹ́ sí i ni Richard oníférémù dé, ó gbé àwòrán ìrì tó ti fi sí férémù tuntun mọ́ abíyá, ó ti ìṣó bọnu. Ó ṣí gíláàsì iwájú, ó ń yọ ìyàwó oníbà kúrò níbẹ̀. Hamdalah lọ bá a. Ó fẹ́ gbọ́ èébú náà délẹ̀. Ó rò pé tí òun bá gbọ́ ọ tán, ohun tí òun ṣe yóò jọ nǹkan tó tọ́.

"Bọ̀dá Richard, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Alhaji sọ nípa mi?"

Richard yọ ìṣó lẹ́nu. "Ta ló ní wọ́n sọ nǹkan kan?"

"Àǹtí Fisáyọ̀ ni."

"Fisáyọ̀ kẹ̀? Fisáyọ̀ tó jẹ́ pé tó bá bá ọ ha káàdì, ìdajì nọ́ńbà ló máa ha?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo abẹ́ agboòrùn bóyá ó gbọ́. "Kí ló ní wọ́n sọ?"

"Pé ti Morónkẹ́ ni. Pé èmi, ọdún mẹ́rin tí mo ti… Kò parí rẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ parí rẹ̀ fún mi. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀." Ó ti ń họ ọwọ́ rẹ̀, kò mọ̀.

Richard wò ó, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó yí àwòrán ìrì náà sókè, ó nà án síwájú bí Alhaji ṣe máa ń na àwòrán síwájú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́, ó sì sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ gan-an:

"'Ti Morónkẹ́ ni kó o fi férémù sí, òun ni yóò wọ inú gíláàsì yẹn. Mo mọ̀ pé Hamdalah, ọdún mẹ́rin tó ti wà níbí, ohun tó ń retí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Hamdalah kò ní jowú, mo mọ ọmọ mi. Òun ló kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, Richard, èmi kọ́.'"