Òṣùwọ̀n Mẹ́ta, Ilé Kan

Ọ̀gá gbé fóònù rẹ̀ síwájú ọmọbìnrin náà lórí tábìlì.

"Ka ìlà tó gbẹ̀yìn."

Ó kà á. Àwọn tó ń yẹ ilé wò ní orílẹ̀-èdè òtútù ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí ọ́fíìsì náà dá àwọn lóhùn, ó pẹ́ tán, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Òní sì ni Ọjọ́bọ̀.

"Àná," ni ó wí.

"Àná ni. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti wà lójú ọ̀nà ni fóònù mi ò ti ríran, tí kò gbọ́ràn. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èsì ìdánwò ilé wa sì ti tẹ̀lé e." Ọ̀gá fìdí lé àga. "Máàkì mọ́kànlélógójì. Ẹni tí kò bá gba àádọ́ta, ó ti fìdí rẹmi."

Ayàwòrán ilé ni Ọ̀gá, ọmọbìnrin náà sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ìyá Ìwé ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nítorí pé bébà tí wọ́n fi di ọṣẹ pàápàá, á kà á tán kó tó jù ú nù. Oṣù mẹ́rin ló fi ń fi òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè mẹ́ta wé ara wọn nítorí ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tí yóò fún ilé náà ní àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ara ògiri ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò, tí kì í sì í da àyíká láàmú.

"Kí ni wọ́n bi wá, sà?"

"Àpótí kẹtàdínlógún. Iye iná tí ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ. Ìlà kékeré kan lo fà síbẹ̀."

Ní ọ́fíìsì yẹn, bí nǹkan kan kò bá sí, ìlà kékeré ni wọ́n máa ń fà. Káfíńtà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ri páìpù mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí náà kò ní ẹ̀rọ amúlétutù kankan, ni ọmọbìnrin náà bá fa ìlà. Lójú àwọn ará òtútù, ẹni tó fa ìlà kò fẹ́ dáhùn ni. Wọ́n kọ̀wé pé bí ẹ̀rọ kò bá sí, kí wọ́n kọ òdo, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé. Nígbà tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n fi iye iná tí ilé olójúkòkòrò máa ń jẹ kún àlàfo náà.

"Èmi ni mo jẹ̀bi, sà."

"Ẹjọ́ kọ́ là ń rò. Èmi náà rí ìlà yẹn kí ìwé tó lọ, mo ní ó dáa." Ọ̀gá fọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Òfin wọn ni pé ilé tí wọ́n bá ti wọ̀n kì í padà sórí òṣùwọ̀n, àfi bí nǹkan bá yí padà nínú rẹ̀. Yàrá mẹ́jọ, ẹ̀rọ mẹ́jọ. Ká fi gíláàsì dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ tí Bàbá bíríkìlà dá sára ògiri. Mo ti ṣírò rẹ̀: a ó gba máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Ẹ̀rọ tó ń jẹ iná la máa rà, kí wọ́n lè yìn wá pé a ò jẹ iná?"

"Èyí tó ń jẹ díẹ̀ ni. Wọ́n á fi wé èyí tó ń jẹ púpọ̀. Ẹni tí kò ní rárá, tí kò sì mú ẹ̀rí wá lásìkò, kí ni wọ́n fẹ́ fi wé?" Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣe òṣùwọ̀n wọn."

Ọmọbìnrin náà wo bébà gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ó ti fi ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ti fẹ́ràn wọn bí ẹni fẹ́ràn ìtàn. Ó ti ṣàkíyèsí pé ohun tí orílẹ̀-èdè kan bá ń bẹ̀rù ni ó máa ń wọ̀n. Àwọn ará òtútù ń bẹ̀rù kí ooru má jáde lọ, nítorí náà ògiri tó nípọn, fèrèsé tó dé pinpin àti ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń fún ní máàkì. Àwọn ará erékùṣù ń bẹ̀rù oòrùn, nítorí náà ìbòji àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Bí ó ti ṣírò rẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí náà ìbá gba méjìdínlọ́gọ́rin lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ wọn kì í wọn ilé tí kò sí lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, irọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọn ò gba àwòrán, wọn ò gba ìlérí. Kí èèyàn gbé inú ilé náà fún ọdún kan, kí ẹnì kan máa wọn ooru, omi àti iná rẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́, sà?"

"Ọdún kan gbáko. Ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí lè dúró, àwo ṣáà ni wọ́n ń fẹ́. Ta ni yóò máa lọ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́? Oṣù tó ń bọ̀, èmi àti ìwọ ti wà ní olú-ìlú."

Ọ́fíìsì tuntun ní olú-ìlú wà ní òdìkejì ilé ìkàwé alájà mẹ́ta. Ìwé àyálò ni ọmọbìnrin náà ti ń kà láti kékeré, tí á máa yára kà kí ẹni tó ni ín tó gbà á padà. Ó ti ń lálàá àjà kẹta yẹn.

"Ẹni tó kọ ìwé ló ń fọwọ́ sí i," Ọ̀gá wí. "Tún un kọ, kí o fi ẹ̀rọ mẹ́jọ náà sí i. Màá bá ọ níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án."

Nígbà tí ó dé ibi iṣẹ́, Bàbá Oníhò ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀ nínú korobá. Bíríkìlà àgbà ni, ihò kéékèèké tó máa ń dá sí ara ògiri ló sì fún un lórúkọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ìyá Ìwé. Ojú rẹ dà bí ti ẹni tí bàtà ń ta."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan gíláàsì. Bàbá nu ọwọ́, ó ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá ìrọbí. Ó fa òwú kan tu láti etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè. Òwú náà kò rọ̀ sílẹ̀. Ó sùn sórí afẹ́fẹ́, ó nà tọ ihò òkè lọ.

"Tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, gbígbóná ń bá òkè jáde. Ihò méjìlélọ́gọ́rin ni mo dá. Àwọn tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dí wọn tí mo tún wọn dá, nítorí òjò."

Ọmọbìnrin náà wo ohun ìwọn-ooru tó mú dání. Mẹ́rìndínlógójì ló kà níta. Níbí, méjìdínlọ́gbọ̀n. Bàbá kò rí erékùṣù kankan rí láyé, síbẹ̀ ó kọ́ ilé yìí bí ẹni tó há ìwé òṣùwọ̀n àwọn ará ibẹ̀ sórí.

"Bí wọ́n bá ní kí n dí i, màá dí i," Bàbá wí. "Èmi kọ́ ni mo ni ilé. Ọjọ́ tí iná bá lọ nìkan ni mò ń rò. Ẹni tó ń rọbí kì í ka àwo ara ògiri, ọmọ mi."

Ó padà sídìí korobá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó sì kọ̀wé títí Ọ̀gá fi dé.

Òógùn bo Ọ̀gá nígbà tó wọlé. Ó dúró láàárín yàrá, ó sì tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

"O ti tún un kọ?"

"Mo ti tún un kọ, sà."

Ó gbà á. Òdo ni ó rí níbi tí wọ́n ti béèrè iná ẹ̀rọ. Ó wo òkè ìwé náà.

"Ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Mo sì bi ọ́ láàárọ̀: ta ni yóò dúró tì í?"

"Èmi ni, sà. Mi ò ní fọwọ́ sí ti ẹ̀rọ. Ẹ máa lọ sí olú-ìlú. Èmi á dúró síbí fún ọdún kan, màá máa wọn ilé yìí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́."