Ṣé Ẹ Ń Gbọ́ Mi?

Ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti sú mi pátápátá. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ni ìdajì ohun tí à ń sọ níbẹ̀. Nígbà tí alága wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, pé ká wá pàdé ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan, mo gbé ọmọ fún ìyá mi, mo sì jókòó sínú ọkọ̀ títí ìdí fi ro mí.

A kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Wọ́n paná, ojú alága sì yọ gàdàgbà nínú fídíò lára ògiri. Àṣé ojú nìkan ló gbé wá!

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mò ń gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mejì pàápàá: ohùn rẹ̀ ń gba ara ògiri ẹ̀gbẹ́ mi wọlé kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo jáde, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kejì gbàgbàgbà.

Alága ló ṣílẹ̀kùn. Kóòtù àti táì lókè, ṣòkòtò péńpé tó fi sùn nísàlẹ̀, èérún búrẹ́dì nínú irùngbọ̀n. Ó rí mi lára.

"Alága, ẹ̀yìn ògiri yìí la wà o! Kí ló dé tí ẹ ò wọlé wá bá wa?"

"Rọra, àbúrò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ló dáa." Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣé o ò rí i pé mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú. Kí n tó yísẹ̀ padà, ohùn rẹ̀ ti ń dún láti gbọ̀ngàn:

"Ẹ má bínú o. Ariwo ìta ni."