Kẹ̀kẹ́ Ọlọ́wọ́ Òsì

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló lè mú kí àgbàlagbà télọ̀ pa aṣọ oníbàárà tì lórí tábìlì láìgé, kó máa kun kẹ̀kẹ́?

Ọkọ mi ni télọ̀ tí mò ń wí. Kẹ̀kẹ́ eré ìje kan, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, ti wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí n tó wọlé ọkọ. Mo ní kó tà á títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àfi bó ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ó ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó pààrọ̀ táyà àti ṣéènì, ó sì rán awọ tuntun sórí ìjókòó rẹ̀. Ojú rírán náà wọ́ bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mò ń wò ó.

Ìgbà tó kan bíréèkì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì ló so wáyà méjèèjì mọ́. Ó gbé jíà náà síbẹ̀. Agogo pàápàá, òsì.

"Ta ló fẹ́ gùn ún?" mo bi í.

"Èmi náà ni."

"Ìwọ tí o ń fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan?"

"Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wù ú! Ní gbogbo àdúgbò wa, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi òsì ṣiṣẹ́: onídìrí tó gba ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, tí àwọn ọkùnrin ń pè ní Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Mo ka ọ̀kan mọ́ èkejì, ó sì pé.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló fi ọwọ́ òsì na ife omi sí mi. Èmi tí mo bímọ fún un! Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi tí ò ń lọ nìyẹn?"

"Má bínú, ìyá àwọn ọmọ mi. Ọkàn mi ò sí níbí ni."

"Mo mọ ibi tó wà," mo ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo yọjú sí fèrèsé onídìrí. Ọkọ mi jókòó sórí àga oníbàárà, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú ọwọ́ obìnrin náà. Mi ò kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Irun wo lẹ ń dì fún apárí?"

Onídìrí fò dìde. Àlùmágàjí bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, pẹ̀lú àjákù aṣọ tí wọ́n ti gé ségesège.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún yín."

"Kí wọ́n sọ kí ni?"

Ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. "Dì í mú."

Mo dì í mú.

"Mò ń fún ọwọ́ rẹ báyìí," ó ní. "Gbogbo agbára mi nìyẹn."

Mi ò mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ náà kàn sùn sínú tèmi ni.

"Dókítà ní kò ní padà mọ́. Mo ní bí òsì bá lè dá kẹ̀kẹ́ dúró, á lè gé aṣọ lọ́jọ́ kan. Onídìrí ló ń kọ́ mi. Mo fẹ́ kí òsì mọ̀ ọ́n gé kó o tó gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò lè sọ fún mi?"

"Torí bí o ṣe ń wò mí yìí."

Mo wo onídìrí náà, ọmọ arẹwà, tó ti mọ̀ ṣáájú mi. Gbogbo èébú tí mo kó wá ṣì kún ẹnu mi, mi ò sì rẹ́ni bù ú fún. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú yẹn, ó wù mí kó jẹ́ àlè rẹ̀ ni. Mò ń fún ọwọ́ náà lọ, mò ń retí kó fún tèmi padà.