Ojú Tó Wà ní Àjà Yàrá Ìkàwé

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe obìnrin náà ní orúkọ àbísọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Màmá Wáyà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ mọ̀ ọ́n sí, torí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fa wáyà iná gba inú ògiri ilé onílé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí bàbá kú, òun ló gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, òun náà ló sì kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ju àbúrò yìí lọ. Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé, orúkọ náà sì tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́.

Màmá Wáyà kọ́ Kékeré bí wọ́n ṣe ń bó wáyà láì dá ọgbẹ́ sí i lára, bí wọ́n ṣe ń fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná wà lára rẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án, àti bí èèyàn ṣe ń dúró lórí àkàbà láì wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí Kékeré ní òun fẹ́ lọ kọ́ nípa iná àwọn ilé tuntun, ilé tí kì í jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ, Màmá Wáyà ló tì í lẹ́yìn. Ọdún méjì ló fi wà nílé ẹ̀kọ́. Ó padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan, àti ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìkàwé ńlá kan, alájà mẹ́rin. Ilé náà kì í ṣe irú èyí tí Màmá Wáyà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gíláàsì fẹ̀ lára rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè ráyè wọlé. Pánẹ́ẹ̀lì sólà bo gbogbo òrùlé, bátìrì tó ń tọ́jú iná rẹ̀ sì wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Bí oòrùn bá mú, àwọn gílóòbù á dín ìmọ́lẹ̀ ara wọn kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súìṣì. Ohun róbótó kan tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà yàrá, tó máa ń mọ̀ bí èèyàn bá ń rìn nísàlẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tó mira fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á pa iná, kí iná má bàa máa tàn fún àga àti tábìlì lásán. Ojú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ohun náà.

Kékeré ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá fún gbogbo ohun tó jẹ mọ́ iná nínú ilé náà. Iṣẹ́ wáyà fífà ni wọ́n gbé fún Màmá Wáyà, lábẹ́ àbúrò rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun gbà á tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ya àwòrán ilé náà, ẹni gíga kan tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí, nawọ́ sí Màmá Wáyà, ó sì bi Kékeré pé, “Ṣé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nìyí?”

Kékeré rẹ́rìn-ín. “Rárá o, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́.”

“Ẹ má bínú, mà,” ni ayàwòrán wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n èsì Kékeré kò dé ibi kankan nínú ọkàn Màmá Wáyà. Ìbéèrè yẹn nìkan ló gbọ́. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń ta á lára. Bí wọ́n bá ní “ẹ jẹ́ ká bi Kékeré,” á dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ọ̀gá bíríkìlà tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé tí kò níye, ẹni tí kì í lu ihò kan sára ògiri láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ti wá ń kọjá lára rẹ̀ lọ bá Kékeré. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná àbúrò rẹ̀, bó ṣe mọ́ tónítóní. Tirẹ̀, eruku ògiri ti di ara fún un.

Bó bá lọ kí ìyá wọn lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ìsinmi níbẹ̀ náà.

“Mo sọ fún obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,” ni ìyá wọn wí, “pé ọmọ mi ló ń sọ fún iná pé kó tàn, tí iná á tàn.”

“Ọmọ wo?” ni Màmá Wáyà bi í, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀.

“Kékeré kẹ̀.”

“Ta ló so iná tó wà lórí yín yìí?”

Ìyá wọn gbójú sókè wo gílóòbù náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. “Ìwọ ni. Ìyẹn ti pẹ́.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé ńlá ṣẹlẹ̀. Àjà kẹta nínú ilé náà ni yàrá yìí wà. Màmá Wáyà gun àkàbà, ó mú àwòrán Kékeré lọ́wọ́, ó sì rí i pé ojú mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì wà lókè ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá láàárín pẹpẹ ìwé. Kò sí ẹyọ kan lókè àwọn tábìlì. Ó dúró, ó rò ó. Ẹni tó bá ń kàwé kì í rìn. Ó lè ṣí ìwé, ó lè họ orí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn pẹpẹ tó ga yóò sì dí ojú náà, kò ní rí ẹni tó jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, gbogbo yàrá á ṣókùnkùn mọ́ àwọn òǹkàwé lórí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ ọ́. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Kékeré fi wọlé pẹ̀lú ayàwòrán. Kékeré rí àkàbà, ó rí wáyà tó wà nílẹ̀, ó sì yára sọ̀rọ̀, bí ẹni tí nǹkan ń lé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wà nínú àwòrán ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má fi tiyín kún un.”

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bojú wẹ̀yìn láti fi ẹ̀rín pamọ́.

“Mo ti gbọ́,” ni Màmá Wáyà wí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ó padà gun àkàbà, ó fa wáyà mẹ́rin kún un, ó mú wọn dé òkè àwọn tábìlì, ó ká wọn jọ sínú àjà, ó sì bò wọ́n mọ́bẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló lè dákẹ́.

“Kó rí i fúnra rẹ̀,” ló ń sọ nínú ara rẹ̀. “Ṣebí òun ni ọ̀gá.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dákẹ́. Kékeré bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo ẹ̀ ti pé?” Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dáhùn pé, “Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ti pé.” Nígbà míì, bí wọ́n bá jọ jókòó jẹ búrẹ́dì lórí àpótí gílóòbù, ọ̀rọ̀ náà á ta sí i létè. Á kù díẹ̀ kó sọ ọ́, ẹnìkan á sì kọjá, á ní, “Kékeré wa, ẹ kú iṣẹ́ o,” gbogbo rẹ̀ á tún padà wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dán ilé náà wò pé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣí i fún aráàlú. Òjò ti ṣú láti àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba gíláàsì wọlé kò tó nǹkan, nítorí náà gbogbo gílóòbù ló tàn dáadáa. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, kó ogójì èèyàn wá, ó ní kí wọ́n jókòó kàwé bí ẹni tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Òun náà jókòó, ó gbé gíláàsì tí wọ́n fi ń mú lẹ́tà tóbi lé ìwé. Màmá Wáyà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo aago.

Yàrá náà pa rọ́rọ́. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo iná kú.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan dìde, ó rìn bọ́ sáàárín pẹpẹ, iná tún tàn. Wọ́n padà sídìí ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì, ó tún kú.

Alága gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú. “Ṣé kí n máa kàwé ni,” ló béèrè, “àbí kí n máa jó?”

Ẹ̀rín sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá Wáyà kò lè purọ́ fún ara rẹ̀: ó dùn mọ́ ọn nínú. Adùn náà kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé omi mì lọ, lẹ́yìn náà ló rí i tí Kékeré gbójú sókè, tó ń ka àwọn ojú tó wà lájà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló ṣe é báyìí?” ni alága béèrè.

“Èmi ni, mà,” ni Kékeré wí. “Ibi tí èèyàn ti ń rìn ni mo fi ojú sí, mo gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń jókòó. Wáyà ilé yìí kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á, iṣẹ́ wọn sì dára. Àṣìṣe tèmi ni.”

“Ó máa gbà wá tó ọjọ́ mélòó?”

“A máa ní láti tú àjà, ká fa wáyà tuntun. Bí ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù. Alága wo Màmá Wáyà. “Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, kí lẹ rí sí i?”

“Kò ní tó ọ̀sẹ̀ méjì,” ni Màmá Wáyà wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Wáyà ti wà lókè tábìlì.”

Ó gun àkàbà, ó ṣí àjà, ó sì fa wáyà mẹ́rin náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ayàwòrán ní, “Màmá, àgbà iṣẹ́ ni yín lóòótọ́.” Ọ̀gá bíríkìlà ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Gbogbo ìyìn tó ti ń wù ú láti ọjọ́ yìí wá dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Kékeré kò pàtẹ́wọ́. Ó súnmọ́ àkàbà, ó di pélébé ìwé tó wà lára wáyà kan mú. Màmá Wáyà kì í fa wáyà láì kọ ọjọ́ sí i lára. Òun ló kọ́ Kékeré náà bẹ́ẹ̀. Kékeré kà á, ó tún un kà.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ló wí, kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. “Ẹ ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Màmá Wáyà rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ló jọ ṣí àwọn ojú náà kúrò ní ààyè wọn lọ sókè àwọn tábìlì. “Ẹ gbà.” “Mú un.” “Ó ti wọlé.” Kò ju ìwọ̀nyẹn lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Wọ́n ṣí ilé ìkàwé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, iná kò kú mọ́ òǹkàwé kankan lórí. Kékeré kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé náà ni Màmá Wáyà lọ bá a nílé. Ọ̀sán ni. Kékeré ṣílẹ̀kùn, ó gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó jókòó sí òdì kejì.

“Mi ò wá bẹ̀ ọ́ pé kó o gbàgbé ẹ̀,” ni Màmá Wáyà wí. “Òótọ́ ni mo wá sọ. Mò ń jowú ẹ. Èmi tí mo kọ́ ẹ, mò ń jowú ẹ débi pé mo fẹ́ kó o tẹ́.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń jowú,” ni Kékeré wí. “Látọjọ́ tí ayàwòrán yẹn ti pè yín lọ́mọ iṣẹ́, ojú tẹ́ ẹ fi ń wò mí ti yàtọ̀.”

“Kí ló dé tó ò fi bi mí?”

“Ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí nǹkan tí mi ò rí. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi tiyín kún un nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wọ́n á ní kí wá ni wọ́n ń fi èmi ṣe. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo rí àṣìṣe yín, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́ lójú ogójì èèyàn. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Màmá Wáyà mọ̀ pé òótọ́ ni.

“Ẹ máa lọ sílé lónìí,” ni Kékeré wí, kò fi ìbínú sọ ọ́. “Inú ṣì ń bí mi.”

“Ó dáa,” ni Màmá Wáyà wí, ó sì lọ.

Oṣù kan kọjá kí ẹnìkan tó mú àwòrán ilé ìwòsàn tuntun kan wá fún Màmá Wáyà, tí Kékeré fi rán an. Kò sí ìkíni lára rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: kó kà á, kó kọ ohun tó bá rí sí i lára. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fara balẹ̀ kà á látòkè délẹ̀. Nǹkan méje ló rí. Ó kọ márùn-ún, ó sì dáwọ́ dúró. Méjì tó kù ló tóbi jù. Ẹni tó bá rí wọn nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìlara náà kò tíì kú nínú rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe mira. Ó jókòó ti àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kọ méjèèjì sí i, ó fi ilà sí wọn nídìí.

Ọjọ́ kejì ni Kékeré pè é lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin péré ni mo gbà nínú méje yìí. Mẹ́ta yòókù, ẹ ò lóye bí ẹ̀rọ tuntun yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Àwọn mẹ́ta wo?”

“Ẹ máa bọ̀, ká jọ wò ó.”

“Mò ń bọ̀,” ni Màmá Wáyà wí, ó sì ń wá bàtà rẹ̀ kiri.