Ẹni Tó Lu Ìlù Inú Àwo Náà

Ọjọ́ kẹta nìyí tí Rodiyah ti ń to ìlù orin kan lórí kọ̀ǹpútà, kò tíì dùn tó. Orin hip-hop àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un ló fẹ́ fara wé, irú èyí tí wọ́n ń gé ìlù rẹ̀ láti inú àwo orin ẹlòmíràn. Òun náà bá wá àwo tirẹ̀ lọ, ó rí ọ̀kan tó ti họ lára lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ògbólógbòó rédíò ní àdúgbò Limawa. Páálí rẹ̀ ti sọnù, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín orin kejì, gítà dákẹ́, olórin dákẹ́, ìlù nìkan ló ń dún. Ibẹ̀ gan-an ni Rodiyah gbà sínú kọ̀ǹpútà, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń tò ó padà bó ṣe fẹ́.

Ìyá rẹ̀, Alhaja Kàbírátù, máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kéwú nínú ọgbà ilé wọn ní àdúgbò Soje. Kò fẹ́ ariwo rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Rodiyah ṣèèṣì yí sípíkà sókè jù, ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

"Ẹ má bínú, Màmá, mo ti fẹ́ dín in kù."

"Má fọwọ́ kàn án!"

Rodiyah yíjú padà. Ìyá rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí òòyì ń kọ́.

"O tò ó sódì," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù dún níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lo fi sí i."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo lù ú."

"Kai, Màmá! Dagaske, lóòótọ́?"

Rodiyah kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣàwàdà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ wọ̀nyẹn, wàláà àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ló mọ̀ mọ́ wọn.

Alhaja jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ìlọrin la ti ṣe é. Àwa obìnrin mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Fàtímọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń kọrin. Oṣù kejì lẹ́yìn tí àwo yẹn jáde ló kú. N kò tún fọwọ́ kan igi ìlù mọ́."

"Ṣé bàbá mi ni kò gbà?"

"Bàbá rẹ? Ó bẹ̀ mí títí pé kí n máa lù ú lọ. Èmi ni ọkàn mi ò gbé e." Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Ẹnìkan rẹ́rìn-ín kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Kí lo ṣe sí i?"

"Mo gé e dànù. Mo rò pé ariwo lásán ni."

"Fàtímọ̀ nìyẹn."

Rodiyah wá a láàárín àwọn ohun tó ti gé dànù. Ó rí i, ó dá a padà síwájú ìlù, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ọmọbìnrin kan tú jáde nínú yàrá, ó mọ́ gaara bí ẹni pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja fi ìborùn bo ẹnu. Ó ní kí Rodiyah tún un tẹ̀. Ó tún ní kó tẹ̀ ẹ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alaásàrí, Alhaja dìde, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá. Rodiyah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ń rò ó pé kí ni nǹkan mìíràn tí òun kò mọ̀ nípa obìnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà á láti béèrè.